Ẹkún Ọmọ àti Etí Òbí

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a ń sọ nínú ilé wa lójoojúmọ́, tí a kò sì tíì jókòó rò ó wò. Bí ọmọ bá ṣubú, tí ó sunkún, a ó ní, "Dákẹ́." Bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá fi í ṣe ẹlẹ́yà, tí ó sunkún wọlé, a ó ní, "Pa ẹnu rẹ mọ́." Bí ó bá jẹ́ ọmọkùnrin, a ó fi kún un pé ọkùnrin kì í sunkún. Bí ó bá sì dákẹ́ ní tòótọ́, inú wa a dùn, a ó rò pé a ti ṣe iṣẹ́ òbí. Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí á jọ gbé yẹ̀wò ni èyí: nígbà tí ọmọ bá dákẹ́ nítorí pé a ní kí ó dákẹ́, kí ni ó dákẹ́? Ṣé ẹnu rẹ̀ ni, tàbí ọkàn rẹ̀?

Ìbéèrè yìí kì í ṣe kékeré. Òbí tí ó bá bọ́ ọmọ, tí ó fi aṣọ bò ó, tí ó rán an ní ilé-ìwé, tí ó sì kọ́ ọ ní ìwà, ni a ń pè ní òbí rere. Ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí iṣẹ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n ǹjẹ́ gbígbọ́ ohun tí ń dun ọmọ nínú wà lára gbèsè tí òbí jẹ ọmọ? Tàbí ó jẹ́ ìkẹ́ lásán, tí ẹni tí ó ráyè lè ṣe, tí ẹni tí kò ráyè sì lè fi sílẹ̀ láìjẹ̀bi? Èmi gbà pé gbèsè ni. Kì í ṣe inú ìwé ni mo ti kọ́kọ́ kọ́ ọ. Àṣìṣe ara mi ni ó kọ́ mi.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ikú mú ọmọbìnrin mi kékeré lọ. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni. Ibà mú un ní ọjọ́ Ajé. Kí ó tó di Ọjọ́bọ̀, ó ti lọ. Àwọn ará ìjọ àti aládùúgbò kún ilé wa. Wọ́n wí fún ìyá rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí a ti ń wí ní ilẹ̀ wa, pé omi ni ó dànù, agbè kò fọ́. Wọ́n dì mí lọ́wọ́ mú, wọ́n ní kí n ṣe ọkàn gírí. Gbogbo wa ni a rí ẹni tù wá nínú ní ọjọ́ náà, àfi ẹnì kan ṣoṣo. Ẹni náà ni ẹ̀gbọ́n olóògbé, ọmọkùnrin mi, ẹni ọdún méje. A ti rán an lọ sí ilé aládùúgbò kí ó má baà rí ohun tí ń ṣẹlẹ̀. Nígbà tí ó padà dé, tí ó sì bèèrè àbúrò rẹ̀, mo wí fún un pé ó ti lọ sí ọ̀dọ̀ ìyá àgbà.

Mo rò pé àánú ni mo ṣe. Mo rò pé ọmọ ọdún méje kò lè gbé ọ̀rọ̀ ikú, àti pé bí ọjọ́ bá ti ń gorí ọjọ́, yóò gbàgbé.

Fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, ìgbàkígbà tí ọkọ̀ tí ń ti ìlú ìyá mi bọ̀ bá dúró ní ìdíkọ̀ tí ó wà nítòsí ilé wa, ọmọ náà a sáré jáde, a dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, a máa wo àwọn èrò bí wọ́n ti ń sọ̀kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ọkọ̀ yóò fi ṣófo. Lẹ́yìn náà a padà wọlé. Nígbà tí ó yá, kò jáde mọ́, kò sì bèèrè mọ́. Èmi àti ìyá rẹ̀ wí fún ara wa pé, "Ọlọ́run ṣeun, ó ti gbàgbé."

Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó ti jáwọ́ nínú títọ̀ sí ẹní láti ọjọ́ pípẹ́ tún bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sí ẹní. Ẹni tí ó máa ń ṣe ipò kejì tàbí ìkẹta nínú kíláàsì rẹ̀ di ẹni ìkẹyìn. Olùkọ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi pé ojú fèrèsé ni ó máa ń wò nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń ṣe ìṣirò. Mo nà án nítorí ẹní, mo sì nà án nítorí ìṣirò. Kò sunkún nígbà tí mo ń nà án. Mo yọ̀ sí èyí pẹ̀lú. Mo ní ó ti ń di ọkùnrin.

Ní ìgbẹ̀yìn ọdún náà, ìyá mi wá kí wa. Bí ó ti sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ọmọ náà dọ̀bálẹ̀ kí i, ó dìde, ó sì wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ó wo inú ọkọ̀. Lẹ́yìn náà ó gbé ẹrù ìyá àgbà, ó sì wọlé láìsọ ọ̀rọ̀ kan. Ìyá mi kò mọ irọ́ tí mo pa, ṣùgbọ́n ó rí ojú ọmọ náà. Ní alẹ́, nígbà tí àwọn méjèèjì jọ ń ṣa ẹ̀wà, ó bi í pé, "Ọkọ mi, kí ni ó ń ṣe ọ́?" Ó ní kò sí nǹkan kan. Ìyá mi kò fi agbára bi í mọ́. Ó ń ṣa ẹ̀wà rẹ̀ lọ. Ó pẹ́ díẹ̀, ọmọ náà ní, "Ìyá àgbà, níbo ni ẹ fi àbúrò mi sí? Ṣé ó ṣì ń bínú sí mi ni?"

Èmi wà nínú yàrá kejì, mo sì gbọ́. Díẹ̀díẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ń jáde. Ní ọjọ́ tí ó ṣáájú àìsàn náà, àwọn méjèèjì ti jà nítorí àkàrà. Ó ti àbúrò rẹ̀ ṣubú, ó sì wí fún un pé kí ó máa lọ, òun kò fẹ́ rí i mọ́. Ní ọjọ́ kejì ni ibà mú un. Lẹ́yìn náà ni a ní ó ti lọ. Fún oṣù mẹ́jọ ni ọmọ ọdún méje nìkan fi ru ẹrù yìí: pé òun ni òun lé àbúrò òun kúrò nílé, pé bàbá òun mọ̀, àti pé nítorí rẹ̀ ni bàbá ṣe ń na òun.

Mo jáde tọ̀ wọ́n lọ, mo sì jókòó lórí ẹní. Mo sọ òtítọ́ fún un: pé àbúrò rẹ̀ ti kú, pé ibà ni ó pa á, pé ìjà àkàrà kì í pa ènìyàn, pé àbúrò rẹ̀ kò bínú sí i. Mo sì wí pé, "Èmi ni mo purọ́ fún ọ. Jọ̀wọ́, dárí jì mí." Ó bú sẹ́kún. Èmi náà sunkún, ní ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí a ti sin ọmọ náà. Ó gbé ojú sókè wò mí, ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin náà ń sunkún?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó sún mọ́ mi, ó sì sùn sí ẹsẹ̀ mi títí ilẹ̀ fi mọ́. N kò ní parọ́ fún yín pé ohun gbogbo dára ní ọjọ́ kejì. Ó gba oṣù díẹ̀ kí ẹní rẹ̀ tó gbẹ, ó sì pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó tún máa rẹ́rìn-ín bí ti àtijọ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, òun nìkan kọ́ ni ó ń ru ẹrù náà mọ́.

Nígbà tí mo ro ọ̀ràn náà lẹ́yìn náà, mo rí i pé kì í ṣe pé ọmọ náà kò bá mi sọ̀rọ̀. Àwọn bàbá wa mọ àrokò í fi ránṣẹ́: wọn a di owó ẹyọ tàbí ìyẹ́ pọ̀, ẹni tí ó bá gbà á a sì mọ ohun tí ó wí. Ẹní tútù nì jẹ́ àrokò. Ìṣirò tí kò yé e mọ́ jẹ́ àrokò. Ojú tí ó ń wo fèrèsé jẹ́ àrokò. Èmi gba gbogbo rẹ̀, n kò tú ọ̀kan wò. Pàṣán ni mo mú.

Bẹ́ẹ̀ ni èdè wa fúnra rẹ̀ ti kìlọ̀ fún wa, bí a bá ní etí. Kí ni a ń pè ní ìbànújẹ́? Ohun tí ó ba inú jẹ́ ni. Kí ni ìtùnú? Ohun tí ó tu inú ni. Kò sí ìyàwó ilé tí kò mọ̀ pé bí ọbẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́, dídé e mọ́ inú ìkòkò kò lè sọ ọ́ di ọ̀tun. Yóò máa kan sí i ni, títí òórùn rẹ̀ yóò fi gba ilé. Ẹni tí ó fẹ́ gbà á là a ṣí i, a gbé e padà sí orí iná. Bákan náà, àwọn ìyá wa kò ní orin tí a fi ń pa ọmọ lẹ́nu mọ́; orin arẹmọlẹ́kún ni wọ́n ní. Ẹni tí ń rẹ ọmọ lẹ́kún kò sọ pé ẹkún náà kò sí, kò sì sọ pé kò ní ìdí. Ó gbé ọmọ náà pọ̀n, ó ń bi í léèrè ẹni tí ó nà án, ó ń kì í ní oríkì rẹ̀. Kí ló dé tí a ń ṣe èyí fún ọmọ ọwọ́, ṣùgbọ́n tí ọmọ bá ti lè rìn lọ sí ilé-ìwé, a gbà pé kò ní inú tí ó lè bàjẹ́ mọ́?

Ẹlòmíràn yóò wí pé ọmọdé tètè ń gbàgbé. Kí ẹni bẹ́ẹ̀ ka ìtàn tí Samuel Àjàyí Crowther kọ ránṣẹ́ nínú lẹ́tà ní ọdún 1837. Ní ọdún 1821 ni a kó Òṣogùn, ìlú rẹ̀, tí a sì mú òun àti ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀ ní ẹrú. Ọmọdékùnrin ni nígbà náà. Ọdún 16 ti kọjá kí ó tó kọ lẹ́tà náà. Ó ti kàwé, ó ti di olùkọ́, ó ti ní aya àti ọmọ. Síbẹ̀ ó rántí ọjọ́ tí a yà á kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ bí ẹni pé àná ni. Ó rántí pé wọn kò gbọdọ̀ sunkún sókè ní ọjọ́ náà. Ìmíkanlẹ̀ nìkan ni ó kù fún wọn. Ó sì jẹ́wọ́ pé nígbà tí a tún tà á, ìbànújẹ́ náà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí òun fi gbìyànjú láti gba ẹ̀mí ara òun ní òru. Ẹ jẹ́ kí á rò ó: ọmọdé ni ẹni tí ó ro irú èrò bẹ́ẹ̀, kò sì sí àgbà kan tí ó mọ̀.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1846, Crowther, ẹni tí ó ti di àlùfáà ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, tún rí ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta, lẹ́yìn ọdún 25. Ìwé tí ó kọ nípa ìpàdé náà fi hàn pé wọn kò lè sọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n di ara wọn mú, wọ́n ń wo ara wọn, omijé sì ń ṣàn lójú ìyá. Ọdún 25 kò gbẹ omijé náà. Nígbà tí mo bá ka ìtàn yìí, ohun kan a máa gún mi lọ́kàn: ta ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó fòfin dè é pé kí ọmọ yìí má sunkún sókè? Olówò ẹrú ni. Ó ní ìdí tirẹ̀, nítorí ẹkún kò mú ọjà tà. Ṣùgbọ́n èmi tí mo bí ọmọ mi, ìdí wo ni mo ní?

Ẹ lè wí pé ọ̀ràn ẹrú tóbi ju ti ọmọ tí ó wà ní ilé bàbá rẹ̀ lọ. Òtítọ́ ni. Nítorí náà ẹ jẹ́ kí á wo ọ̀ràn kékeré. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní àtijọ́, bí ọmọdé bá wà ní ilé ìwòsàn, wákàtí díẹ̀ ni wọ́n ń gba àwọn òbí láyè láti wò ó. Wọ́n ní bí ìyá bá dé, ọmọ a sunkún. Bí kò bá dé, ọmọ a dákẹ́. Nítorí náà ó sàn kí ìyá má máa wá. Ní ọdún 1952, ọkùnrin kan tí à ń pè ní James Robertson, tí ó ń bá oníṣègùn John Bowlby ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, gbé àwòrán sinimá kan jáde nípa ọmọbìnrin ọlọ́dún méjì tí ó lo ọjọ́ mẹ́jọ ní ilé ìwòsàn. Ọmọ náà kò pariwo púpọ̀. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni ẹni tí kò wò ó dáradára yóò pè é. Ṣùgbọ́n àwòrán náà fi ojú rẹ̀ hàn bí ó ti ń fún ẹkún mọ́ra, àti bí ó ti ń di àjèjì sí ìyá rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Inú bí ọ̀pọ̀ oníṣègùn nígbà tí wọ́n wò ó. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1959, ìgbìmọ̀ tí ìjọba yàn dámọ̀ràn pé kí a gba àwọn òbí láyè láti wo ọmọ wọn nígbàkígbà. Ohun tí wọ́n rí ni ohun tí èmi kò rí nínú ilé mi: ọmọ tí ó dákẹ́ lè jẹ́ ọmọ tí ó ti sọ ìrètí nù.

Mo ti ń gbọ́ èsì àwọn àgbà. Wọn yóò wí pé bí a bá ń fetí sí gbogbo ẹkún, àkẹ́bàjẹ́ ni a ó tọ́. N kò fi ojú tẹ́ńbẹ́lú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ṣùgbọ́n gbígbọ́ yàtọ̀ sí gbígbà. Bí ọmọ bá ń sunkún pé òun fẹ́ ọ̀bẹ, n kò ní fún un ní ọ̀bẹ. Ṣùgbọ́n n kò ní fi í ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí pé ó sunkún. Bí ó bá jí owó, n ó bá a wí. Lẹ́yìn náà n ó bi í ní ohun tí ó mú un ṣe é. Àwọn baba wa ti wí i tipẹ́ pé bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, a ó fi òsì fà á mọ́ra. Ẹni tí ó ní ọwọ́ kan ṣoṣo nínú méjèèjì kò tíì tọ́ ọmọ, ìbáà jẹ́ ọwọ́ yòówù.

Ẹ rántí Élì àlùfáà. Nígbà tí Hánà ń gbàdúrà nínú ìbànújẹ́, tí ètè rẹ̀ ń mì láìsí ohùn, Élì wò ó, ó sì pè é ní ọ̀mùtí. Nígbà tí ó gbọ́ ti ẹnu rẹ̀ tán ni ó yí ọ̀rọ̀ padà, tí ó sì súre fún un. Àgbà kan náà yìí ni kò dá àwọn ọmọ ara rẹ̀ lẹ́kun nígbà tí wọ́n ń hùwà búburú. Nínú ìtàn ẹnì kan ṣoṣo, a rí i pé ṣíṣi ẹkún kà jẹ́ àṣìṣe, àìbániwí pẹ̀lú sì jẹ́ àṣìṣe. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé Élì kò ka ara rẹ̀ sí ẹni tí ó tóbi ju kí ó yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà lọ. Ọlá rẹ̀ kò dínkù nítorí èyí.

Kí ni ó yẹ kí á ṣe nígbà náà? Mo ní ohun mẹ́rin láti sọ fún ẹ̀yin òbí, àti fún ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ jẹ́ òbí láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán.

Èkíní, kí á máa sọ òtítọ́ fún ọmọ, ní ọ̀rọ̀ tí ó tó iwọ̀n orí rẹ̀. Bí a kò bá sọ ìdí nǹkan fún ọmọ, kì í wà láìní ìdí. Yóò wá ìdí kan fúnra rẹ̀, ní ọ̀pọ̀ ìgbà ara rẹ̀ ni yóò sì dá lẹ́bi.

Èkejì, kí á tú àrokò wò kí á tó mú pàṣán. Bí ọmọ tí ń jẹun kò bá jẹun mọ́, bí ọmọ tí ń ṣeré bá ń dá jókòó, bí onírẹ̀lẹ̀ bá di oníjà, kí á bèèrè. Kí a má sì bèèrè níwájú kíláàsì tàbí níwájú àlejò. Níbi iṣẹ́ ọwọ́ ni ọmọ máa ń sọ̀rọ̀ inú rẹ̀: níbi tí a gbé ń ṣa ẹ̀wà, tí a gbé ń fọ aṣọ, tàbí ní ọ̀nà oko, nígbà tí ojú àgbà kò tẹjú mọ́ ọn.

Ẹ̀kẹta, bí ìbànújẹ́ ọmọ bá pẹ́ jù, tàbí bí ọmọ bá ń sọ̀rọ̀ pé ayé sú òun, kí á má fi pamọ́ nítorí ìtìjú; kí á tètè mú un tọ oníṣègùn lọ, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe bí ibà bá mú un. Ọmọ ilẹ̀ wa, Dókítà Thomas Adéoyè Lambo, ẹni tí a bí ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1923, ti fi ọ̀nà hàn wá ní Aro láti ọdún 1954. Ó gba àwọn tí ọkàn wọn ń ṣàìsàn láyè láti máa gbé ní àwọn abúlé tí ó wà nítòsí ilé ìwòsàn, kí ìbátan wọn sì wà pẹ̀lú wọn bí a ti ń tọ́jú wọn. Ó mọ̀ pé oògùn ní iṣẹ́ tirẹ̀, ará ilé ẹni sì ní iṣẹ́ tirẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, bí a bá ṣẹ ọmọ, kí á tọrọ àforíjì. Èyí ni ó ṣòro jù, mo sì mọ̀ ọ́n. Mo bẹ̀rù pé bí mo bá tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ ọdún méje, kò ní bọ̀wọ̀ fún mi mọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ó ti ń sọ àṣìṣe tirẹ̀ fún mi kí n tó bèèrè, nítorí ó ti rí i pé a lè jẹ́wọ́ ẹ̀bi nínú ilé wa, kí a má sì kú.

Ọmọkùnrin náà ti dàgbà nísinsìnyí. Ní oṣù díẹ̀ sẹ́yìn, mo rí i tí ó jókòó ti àbúrò rẹ̀ tí ó bí lé olóògbé nì, ẹni tí ń sunkún nítorí pé adìẹ rẹ̀ kú. Mo ti fẹ́ la ẹnu wí pé kí ó dákẹ́, nítorí adìẹ lásán ni. Kí n tó sọ ọ́, mo gbọ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí pé, "Sunkún rẹ. Bí o bá sun ún tán, wá sọ fún mi bí ó ti rí."

Mo pa ẹnu mi mọ́, mo sì kọjá lọ.